Ẹkún Tí Sìkírátù Gé Lórí, Gé Nídìí

Ní ṣọ́ọ̀bù Sìkírátù, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tó bá wá dirí kì í gbọ́ rédíò. Ẹkún ni yóò gbọ́. Fóònù kan wà lórí tábìlì, níwájú dígí, ohùn àgbàlagbà obìnrin á máa jáde nínú rẹ̀, á máa dágbére fún bàbá rẹ̀. Bí ó bá dánu dúró, òmíràn á gbà á. Bí ìyẹn náà bá gbàgbé, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ní, "Kì í ṣe bí ìyá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn," á sì tún un sọ. Àwọn oníbàárà kan fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní, "Sìkírá, ta ló kú? Fi orin sí i jàre." Sìkírátù á kàn fa irun wọn le díẹ̀ sí i.

Orúkọ ẹgbẹ́ tí ohùn wọ̀nyí ti ń wá lórí Fesibúùkù ni Ẹkún Ilé Baba Wa. Sìkírátù ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ ní ẹkún ìyàwó, ó kọ̀; ó ní ayé ti kọjá ìyẹn, àwọn tó máa kọrin ti gbowó. Ìyá rẹ̀ kò jà. Ìgbà tí wọ́n sin ìyá náà tán ló tó yé e pé ìlà mélòó kan péré lòun rántí nínú ohun tí ìyá òun ń sọ lẹ́nu níbi ìdáná. Ó sọ ìwọ̀nba náà sínú fóònù, ó gbé e síta, ó ní kí ẹni tó bá mọ ìyókù bá òun fi kún un. Obìnrin kan dáhùn láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òmíràn ta ko tẹni àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ náà ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i pé àwọn obìnrin díẹ̀ kan náà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn yòókù á wòran, wọ́n á fi àmì ọkàn pupa sílẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Síbẹ̀, ohun tí àwọn díẹ̀ yìí ti tò jọ kò sí lódindi nínú orí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ìyẹn kò ṣeé jiyàn.

Láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣe é, ọmọge tó ń lọ sílé ọkọ á wọlé tọ bàbá rẹ̀, á wọlé tọ ìyá rẹ̀, á ká gbogbo agbo ilé. Á dúpẹ́, á tọrọ àdúrà, á sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù níbi tó ń lọ. Ọkọ kì í sí níbẹ̀. Ilé tirẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa retí. Nítorí náà, ọkùnrin lè bá ìyàwó rẹ̀ gbé títí orí àwọn méjèèjì á fi funfun, kó má mọ ohun tí obìnrin náà sọ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá bá a.

A kì í sì í sun ún nílé ọkọ. Ìdágbére ni. Wọ́n ní obìnrin tó bá dágbére nínú ilé tó ń gbé, ilé náà kò ní gba òun àti onílé pọ̀ mọ́. Ọ̀kan á jáde. Kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí kan wá fún èyí rí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà inú ẹgbẹ́ náà kò jẹ́ dán an wò, ìdí sì nìyẹn tí iṣẹ́ wọn fi ń pẹ́. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ á gbé ìyá àgbà sínú kẹ̀kẹ́, á gbé e padà sí agbo ilé tí wọ́n gbé bí i, á fi í jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó tó tẹ fóònù. Sìkírátù fi í ṣòfin: ẹni tó bá gbé ẹkún síta, kó kọ orúkọ ilé baba tí wọ́n ti sun ún sábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì, Sìkírátù fúnra rẹ̀ ló ń dá a ṣe. Gbogbo ẹkún tó bá wọlé, á gé e lórí, á gé e nídìí. Ikọ́, ewúrẹ́, fèrè ọ̀kadà, ẹni tó ń kí ará ilé pé ẹ kú ìkàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò gé dànù. Ó fẹ́ kó mọ́. Ó ní kò yẹ kí ẹni tó wà lókè òkun máa gbọ́ ewúrẹ́.

Ẹnì kan wà tí kò fara mọ́ gígé yìí. Shamsudeen ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òun nìkan ni ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ ń dún nínú ẹgbẹ́ náà. Bí ẹkún tuntun bá ti jáde ni yóò gbà á sórí fóònù rẹ̀, tí yóò máa lù ú fún àwọn èrò ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin náà kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀.

"Bùọ̀dá Shamsu, ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbé ẹ̀yin náà lọ sílé ọkọ?"

"Mo ti lọ," ni yóò dáhùn. "Bọ́ọ̀sì yìí ni ọkọ mi. Ojoojúmọ́ ló ń jẹ mí níyà."

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́rẹ wà ní yunifásítì. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á lọ sílé àwọn òbí bàbá rẹ̀, Bàbá Joseph Ògúndáre àti Àkànkẹ́ ìyàwó rẹ̀, á lu ẹkún inú ẹgbẹ́ náà fún wọn. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbé Àkànkẹ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Moyọ̀sọ́rẹ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sun tirẹ̀. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá lọ sí Ọ̀yọ́. Kò sì lọ, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gba mọ́tò mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kó tó padà síléèwé, Moyọ̀sọ́rẹ tẹ fóònù rẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó gbé e sórí àpótí láàárín bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ó sì jáde lọ fa omi. Ó rò pé ìyá àgbà lè kùn ún sínú fún ara rẹ̀. Nígbà tó dé, ìyá àgbà ń nu ojú, bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín. Kíláàsì ti ń dúró dè é. Kò gbọ́ ohun tó wà nínú fóònù náà kó tó fi ránṣẹ́ sí Sìkírátù. Níbi tó yẹ kó kọ orúkọ ilé baba sí, ó kọ "Ògbómọ̀ṣọ́".

Orí ìyàwó kan wà lọ́wọ́ Sìkírátù nígbà tí ẹkún náà wọlé. Ó gbọ́ ìwọ̀nba láàárín rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró nínú irun.

"Baba mi, ẹ má ti ilẹ̀kùn tèmi pa.
Ẹ má tíì ká ẹní mi, ẹ má fi tẹ́ fún àlejò.
Bí ẹsẹ̀ mi bá jáde lónìí,
Ẹ jẹ́ kí òjìji mi kù sẹ́yìn àrò."

Kò sẹ́ni tó mú ìlà wọ̀nyí wá rí. Ó gbé e síta lódindi bó ṣe wá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó yọ ọ́ kúrò, ó gé orí rẹ̀, ó gé ìdí rẹ̀, ó sì fi èyí tó mọ́ rọ́pò. Ohùn ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Kò tẹ́tí sí ohun tó ń sọ. Fóònù rẹ̀ ti kún, ó pa èyí tó jẹ́ odindi rẹ́.

Obìnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ ẹkún náà pé, "Ṣé ilé baba wọn nìyí? Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbé Àkànkẹ́ níyàwó, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń gbọ́ yìí sì jọ ti àdúgbò ọkọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́." Sìkírátù rí i. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò fèsì, kò sì yọ ẹkún náà kúrò, nítorí ìlà wọ̀nyẹn dùn jù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Joseph kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti sọ fún wọn pé ọkàn wọn kò lágbára mọ́. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹkún ẹnikẹ́ni kó tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ya àwòrán ohun tí obìnrin yẹn kọ nípa agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé orí Wasáàpù àwọn ẹbí, àwọn tí kò gbọ́ ẹkún náà rí sì ń sọ pé Àkànkẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ jáde. Àbúrò olóògbé, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ní kí wọ́n dá opó náà padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí ó ti dágbére. Elijah, àkọ́bí olóògbé, tó ń ta símẹ́ńtì, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé fún un.

Àkànkẹ́ ní ọkọ òun ló ní kí òun sun ún. Wọ́n ní ta ló gbọ́? Moyọ̀sọ́rẹ ń fa omi. Fóònù tó fi gbà á sílẹ̀ sì ti já sómi, kò jí mọ́. Ó pe Sìkírátù, ó ń sunkún.

"Àǹtí, ohùn Bàbá wà níbẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ohùn ọkùnrin wà níbẹ̀," ni Sìkírátù sọ. "Mo gé e."

Ọkọ Sìkírátù ní kó má dá sí i. "Ìwọ lo pa á ni? Bí o bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní ìwọ ni."

"Wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí."

"Kí wọ́n máa sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni tìẹ níbẹ̀?"

"Màmá yẹn ò nílé míì," ló dá a lóhùn.

Ó kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́: ẹni tó bá ní ẹkún Àkànkẹ́ bó ṣe wá, kí òun tó gé e, kó jọ̀ọ́ kó fi ránṣẹ́. Èsì rọ́ wọlé. Wọ́n fi èyí tó ti gé ránṣẹ́ padà sí i, léraléra. Wọ́n ṣe àdúrà. Wọ́n fi àmì ọkàn sílẹ̀. Ẹnì kan polówó tíì tó ń mú ikùn wálẹ̀. Ohun tí òjìlélégbèje ènìyàn ti gbọ́, kò sẹ́ni tó dà bí ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ìrètí ti fẹ́ pin, fóònù dún.

"Ṣé èyí tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rédíò lẹ ń wá?" Shamsudeen ni.

"Rédíò wo?"

"Ẹ̀yin tí ẹ gé e, ẹ ò gbọ́ ọ? Àwọn èrò mi máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ti débẹ̀. Mi ò jẹ́ fi tiyín rọ́pò tèmi. Àǹtí Sìkírá, ẹ má bínú, èyí tẹ́ ẹ gé yẹn ò lẹ́mìí."

Ní Sátidé, bọ́ọ̀sì Shamsudeen ló gbé Sìkírátù lọ. Ó fẹ́ lù ú fún un lójú ọ̀nà, Sìkírátù ní kó fi sílẹ̀. Ó ní tí kò bá sí nǹkan gidi níbẹ̀, kí òun má tètè mọ̀.

Pálọ̀ ilé Ògúndáre kún. Àkànkẹ́ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní nínú aṣọ ọ̀fọ̀, Moyọ̀sọ́rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sìkírátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè sà. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sáfẹ́fẹ́ rere."

"Ta nìyí?" ni Bàbá Kékeré bèèrè.

"Sìkírátù ni sà. Láti Ọ̀yọ́."

"Ìwọ ni onífóònù?" Ó wò ó. "O láyà, ọmọbìnrin yìí." Ó yíjú sí àwọn ẹbí. "Ẹ gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó pe ìyàwó wa láàjẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti dágbére fún ilé yìí, ẹni tó ni ilé sì ti jáde. Ilé baba rẹ̀ ló kù tó ń lọ."

"Ta ló kù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó mọ̀ mí?" Ohùn Àkànkẹ́ kò lọ sókè. "Gbogbo àwọn tí mo dágbére fún lọ́jọ́ ìyàwó mi ti wọ ilẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n lọ máa bá ògiri gbé."

"Màmá," ni Elijah wí, "ẹ ní Bàbá ló ní kẹ́ ẹ sun ún. Mo gbọ́. Ẹlẹ́rìí la ń bèèrè."

Shamsudeen ti gbé ẹ̀rọ tó máa ń gbé ohùn sókè nínú bọ́ọ̀sì wọlé. Bàbá Kékeré nawọ́ sí i.

"Kí nìyẹn? Ẹ gbé e jáde. Ayé tí a wà yìí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú òkú sọ̀rọ̀. Mo fojú ara mi rí olóyè tó ti jẹrà tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Kò sóhun tí fóònù ò lè fi síni lẹ́nu."

Àgbàlagbà náà kò purọ́. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti rí irú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n Elijah ní kí wọ́n lù ú.

Ohùn Bàbá Joseph kún pálọ̀. "Àkànkẹ́, tìẹ ńkọ́? Gbogbo obìnrin inú fóònù yìí ni mo ti gbọ́ ẹkún wọn tán. Èmi tí mo gbé ọ níyàwó, mi ò gbọ́ tìẹ."

"Bàbá Elijah, ibí kọ́ ni wọ́n ti ń sun ún. Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀. Ilé ta ni? Ṣebí ilé mi ni. Mo ní kí o sun ún."

Obìnrin kan bú sẹ́kún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú fóònù, Àkànkẹ́ bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀kùn, ẹní, òjìji lẹ́yìn àrò. Nígbà tó parí, ọkọ rẹ̀ ní, "Ilẹ̀kùn wo lo ní kí wọ́n má tì? O rò pé n ò ní lè bọ́ ọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó húkọ́.

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló jọ," ni Bàbá Kékeré wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Jíjọ ni mo sọ."

Ṣùgbọ́n fóònù náà kò tíì dákẹ́. Nínú rẹ̀, Àkànkẹ́ tún ti gbé ìlà àkọ́kọ́, bóyá nítorí ọkọ rẹ̀ ní kó tún un sọ. Géètì dún. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ nínú àgbàlá. Ọkùnrin kan pariwo láti ìta:

"Ẹ káàárọ̀ o! Bàbá, ẹ bá mi yí rédíò yẹn wálẹ̀, mi ò ní gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ bá sọ. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí mo gbàgbé síbí lánàá dà?"

"Rédíò kọ́, Elijah. Ìyá rẹ ni. Ẹkún ìyàwó ló ń sun fún mi."

"Ẹ̀yin náà àti yẹ̀yẹ́. Mo ti rí i, mo ń lọ."

Géètì tún dún. Ó parí.

Kò sẹ́ni tó ń wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu ara rẹ̀. Elijah ń wo ilẹ̀.

"Orí fèrèsé ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà," ló wí. "Mo na ọwọ́ mú un láti ìta. Bàbá sọ fún mi. Wọ́n sọ fún mi, mi ò bojú wọlé."

Bàbá Kékeré dìde, ó mú fìlà rẹ̀. "Pé onílé ló ní kí wọ́n jẹ èèwọ̀, èèwọ̀ ni síbẹ̀."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀ sà. Ẹ má bínú. Màmá ò lọ síbì kan," ni Elijah wí.

Bàbá àgbàlagbà náà jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Títí di òní, kò tíì gbà pé ẹkún náà kò lọ́wọ́ nínú ikú ẹ̀gbọ́n òun, kò sì sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kó gbà.

Elijah kọjú sí Sìkírátù, tó ṣì wà lórí orúnkún. "Kí ló dé tí o gé e?"

"Mo fẹ́ kó mọ́ ni sà."

"Kí ló dọ̀tí nínú rẹ̀?"

Àkànkẹ́ ló gba Sìkírátù sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i pé kó dìde.

"Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá, Màmá?" ni Sìkírátù bi í.

"Wàá yọ ọ́ lórí tìẹ. Èyí tó wà nínú mọ́tò ńkọ́? Gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà. Kí wọ́n gbọ́ pé Bàbá Elijah ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ní ṣọ́ọ̀bù Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ báyìí, ewúrẹ́ ń ké nínú ẹkún, ẹnì kan ń húkọ́, ọmọ kan ń béèrè oúnjẹ. Àwọn oníbàárà ń ráhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sìkírátù ò gé nǹkan kan mọ́. Kò pe ara rẹ̀ lẹ́ni tó kọ́gbọ́n. Tí wọ́n bá bi í, á ní òun kò ráàyè gé e mọ́.

Ẹkún Àkànkẹ́ ti padà sínú ẹgbẹ́ náà lódindi. Sìkírátù fi ibi orúkọ ilé baba sílẹ̀ lófìfo, nítorí kò mọ ohun tó yẹ kí òun kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kan tó fi àwòrán àpò símẹ́ńtì ṣe ojú ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ilé ọkọ wọn ni, Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ wọn ló ní kí wọ́n sun ún. Èmi ni mo ní kí wọ́n yí rédíò wálẹ̀."